Gígun Òkè Ìdànrè láti Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ: àwọn ìbéèrè tó ń wá lemọ́lemọ́ àti ìdáhùn wọn

Níbo ni Òkè Ìdànrè wà, kí ló sì wà níbẹ̀ gan-an?

Ìpínlẹ̀ Oǹdó ló wà, ní ìlú Ìdànrè, nǹkan bí 20 kìlómítà sí Àkúrẹ́. Kì í ṣe òkè kan ṣoṣo. Àpáta ńláńlá ni wọ́n, wọ́n fara kọ́ra, àfonífojì jíjìn sì wà láàrin wọn. Èyí tó ga jù nínú wọn tó nǹkan bí 3,000 ẹsẹ̀ bàtà sókè ju ojú òkun lọ.

Ohun tó mú un yàtọ̀ sí ọ̀pọ̀ àpáta mìíràn nílẹ̀ Yorùbá ni pé odidi ìlú ló wà lórí rẹ̀. Ufẹ̀-Òkè ni wọ́n ń pe ìlú náà láyé àtijọ́. Ààfin wà níbẹ̀, kọ́ọ̀tù wà, iléèwé wà, ojúbọ àti ibojì àwọn ọba wà. Nǹkan bí ọdún 1923 ni àwọn ará ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀, níbi tí Òdòdé-Ìdànrè àti Àládé-Ìdànrè wà lónìí. Nítorí náà, ìlú àwọn bàbá ẹlòmíràn ni ẹ ń wọ̀. Ẹ̀yin ẹ fi í sọ́kàn láti ìbẹ̀rẹ̀, yóò dáhùn ìdajì àwọn ìbéèrè tó kù.

Ṣé ọgbà ìjọba àpapọ̀ ni, bíi ti Ọ̀yọ́ Ilé tàbí Òkòmù?

Rárá. Ọ̀yọ́ Ilé àti Òkòmù wà lábẹ́ àjọ tó ń bójú tó àwọn ọgbà ẹranko ìjọba àpapọ̀. Ìjọba ìpínlẹ̀ Oǹdó ló ń bójú tó Òkè Ìdànrè ní tirẹ̀, òun náà ló ń gba owó ẹnu géètì.

Wọ́n ní UNESCO, àjọ àgbáyé fún ẹ̀kọ́ àti àṣà, ti kọ ọ́ sínú ìwé ogún àgbáyé. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdajì òótọ́ ni. Ọjọ́ 8, oṣù Kẹwàá, ọdún 2007 ni wọ́n fi Òkè Ìdànrè sínú ìwé àwọn ibi tó ń dúró de ìdánilójú. Kò tíì wọ ìwé ogún àgbáyé fúnra rẹ̀. Ibi méjì péré ní Nàìjíríà ló wà nínú ìwé ogún àgbáyé náà: Sukur láti 1999 àti Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo láti 2005.

Ọmọ Ìjẹ̀bú yẹ kó mọ̀ pé Erédò Sùngbọ́ tiwa náà wà nínú ìwé ìdúró kan náà láti 1995, ọdún méjìlá ṣáájú Ìdànrè. Ẹni tó bá fẹ́ gun Ìdànrè tí kò tíì wo Erédò rí, kó kọ́kọ́ lọ wo ó. Yàrà tí wọ́n fi ọwọ́ gbẹ́ nínú ilẹ̀ pupa ni, ó gùn ju 160 kìlómítà lọ, láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí ògiri rẹ̀ sì tó mítà 20 láwọn ibì kan. Ọwọ́ ènìyàn ló gbẹ́ Erédò. Àpáta Ìdànrè ti wà níbẹ̀ kí ènìyàn tó dé.

Ọ̀nà wo ló dára jù fún ẹni tó ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ wa?

Láti Ìjẹ̀bú-Òde, ọ̀nà márosẹ̀ Ṣágámù sí Benin ni: ẹ gba Ọ̀rẹ̀, ẹ yà sí Oǹdó, kí ẹ tó dé Àkúrẹ́, láti ibẹ̀ ẹ wọ ọkọ̀ Ìdànrè. Gbogbo rẹ̀ ju 200 kìlómítà lọ. Ẹ fi wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún sí i, nítorí apá ọ̀nà tó wà ṣáájú Ọ̀rẹ̀ kì í dá ẹnikẹ́ni lójú nígbà òjò, ọkọ̀ àjàgbé sì pọ̀ níbẹ̀. Àládé lẹ máa kọ́kọ́ kàn tí ẹ bá ti Àkúrẹ́ bọ̀. Ẹ má sọ̀ níbẹ̀. Òdòdé ni géètì òkè wà.

Ẹni tó bá wà ní Ògèrè, Ìpẹrù tàbí Ìṣarà súnmọ́ ọ̀nà márosẹ̀ Ìbàdàn. Òun lè gba Ìbàdàn, Ifẹ̀, Iléṣà, kó já sí Àkúrẹ́. Ọ̀nà yìí gùn díẹ̀ ju ti Ọ̀rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ìlú wà lójú rẹ̀ léraléra, ibi ìsinmi kò sì wọ́n. Ará Ìjẹ̀bú-Igbó àti Àgọ́-Ìwòyè, ẹ kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ wá sí Ìjẹ̀bú-Òde.

Ọ̀nà yòówù kí ẹ gbà, ẹ má rìn ín lóru.

Ṣé a lè lọ kí a sì bọ̀ lọ́jọ́ kan náà?

Ó ṣeé ṣe lórí ìwé, kò dára lójú ọ̀nà. Ká ní ẹ kúrò ní Ìjẹ̀bú-Òde ní aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí, tí ọ̀nà sì dán, ẹ ó dé géètì ní nǹkan bí aago mẹ́wàá. Oòrùn ti mú àpáta nígbà yẹn. Gígun òkè, wíwo ìlú àti sísọ̀ kalẹ̀ gba wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún. Ẹ ó wá kúrò níbẹ̀ ní aago mẹ́ta, ilẹ̀ yóò ṣú yín sójú ọ̀nà Ọ̀rẹ̀, awakọ̀ tó ti jí láti aago mẹ́rin ló sì máa wà nídìí ọkọ̀.

Ẹ sun Àkúrẹ́ tàbí Ìdànrè lóru ọjọ́ kìíní, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ní aago méje ààbọ̀ sí mẹ́jọ òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Owó yàrá kan fún ènìyàn méjì kò tó ohun tí àárẹ̀ máa ná yín.

Oṣù wo ló dára jù?

Oṣù Kọkànlá sí oṣù Kejì ni àpáta gbẹ jù. Àbùkù àkókò náà ni ọyẹ́: nínú oṣù Kejìlá àti oṣù Kìíní, eruku lè bo ojú ọ̀run débi pé ẹ ó dé orí òkè tán, ẹ kò ní rí ìlú tó wà nísàlẹ̀ dáadáa. Ẹni tó bá ń wá fọ́tò tó mọ́, kó yan oṣù Kọkànlá, nígbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dáwọ́ tí ewé sì ṣì tutù.

Ìbéèrè nípa Iléyá wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa: ṣé kí a ti ibi Ojúde Ọba, àjọ̀dún Ìjẹ̀bú-Òde lẹ́yìn Iléyá, kọjá sí Ìdànrè nígbà tí gbogbo ẹbí ṣì wà nílé? Ẹ wo kàlẹ́ńdà kí ẹ tó dá a lóhùn. Iléyá máa ń fi nǹkan bí ọjọ́ 11 bọ́ sẹ́yìn lọ́dọọdún; oṣù Kẹfà ló bọ́ sí ní 2025, inú oṣù Karùn-ún ló sì ń lọ báyìí. Àkókò òjò gidi ni gbogbo rẹ̀. Tí ẹ bá máa lọ náà, ẹ yọ̀ǹda ọjọ́ kan sílẹ̀ tí òjò lè gbà lọ́wọ́ yín.

Èló ni wọ́n ń gbà lẹ́nu géètì?

Iye náà máa ń yí padà, ti àgbà yàtọ̀ sí ti ọmọdé, ti iléèwé sì yàtọ̀. Owó tó wà nínú fọ́tò ẹni tó lọ ní ọdún méjì sẹ́yìn kò ní ràn yín lọ́wọ́. Ẹ mú owó lọ́wọ́ láti Àkúrẹ́, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé POS. Ẹ gba rìsíìtì fún gbogbo owó tí ẹ bá san.

Owó amọ̀nà lọ́tọ̀ ni. Ẹ bá a sọ ọ́ parí kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀ lé àtẹ̀gùn àkọ́kọ́: èló, ibo àti ibo ni ẹ máa wò, ṣé fún gbogbo ẹgbẹ́ ni àbí fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ìjà tó máa ń wáyé lẹ́yìn ìrìn, àìsọ ọ̀rọ̀ yìí tẹ́lẹ̀ ló máa ń fà á.

Ṣé dandan ni kí a mú amọ̀nà?

Ẹ mú un. Láìsí amọ̀nà, òkúta àti ilé àtijọ́ lásán lẹ máa rí.

Àtẹ̀gùn mélòó ló wà, báwo ló sì ṣe le tó?

Iye tí wọ́n sábà máa ń pè ni 667. Ẹlòmíràn á ka 682, nítorí pé àwọn àtẹ̀gùn kan kò ga tó ara wọn, àwọn kan sì ti fọ́ létí. Ẹ fi ọkàn sí ohun tó ju 600 lọ, kí ẹ má jẹ́ kí iye dá ìjà sílẹ̀. Ibi ìsinmi wà lójú ọ̀nà, ẹ jókòó ní gbogbo wọn, kódà bí kò bá tíì rẹ̀ yín.

Àárín 100 àkọ́kọ́ ni àṣìṣe tó pọ̀ jù ti ń ṣẹlẹ̀. Ara ṣì tutù, àwọn ọ̀dọ́ á máa sáré, wọn á máa dá ara wọn lórúkọ. Tó bá fi máa tó àtẹ̀gùn 200, èémí á ti já, itan á máa gbọ̀n, orí á sì máa yí àwọn tí kò jẹun. Ohun tó dára ni kí ẹ gun 50, kí ẹ dúró mí fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ tún gun 50. Bí ẹ bá lè bá ẹni ẹ̀gbẹ́ yín sọ̀rọ̀ láìmí gúlegúle, ìrìn yín dára. Bí ẹ kò bá lè sọ̀rọ̀, ẹ ti ń yára jù.

Ẹni tí ara rẹ̀ le yóò dé òkè ní ìṣẹ́jú 45. Ẹgbẹ́ tí àgbà àti ọmọdé wà nínú rẹ̀ á lo wákàtí kan ààbọ̀, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀.

Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú tẹ́jú. Báwo la ṣe lè fi ilé múra sílẹ̀?

Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà kan sábà máa ń ní àtẹ̀gùn bíi 20. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, ẹ gùn ún kí ẹ sì sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lójúmọ́, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, ẹ sọ ọ́ di ẹ̀ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìyẹn jẹ́ 300, kò tó ìdajì ti Ìdànrè, ṣùgbọ́n orúnkún á ti mọ iṣẹ́ rẹ̀. Sísọ̀ kalẹ̀ gan-an ni kí ẹ má fò, nítorí òun ló ń dun orúnkún jù.

Kí ni ká wọ̀? Ṣé a lè wọ aṣọ ẹgbẹ́?

Bàtà kánfáàsì tí abẹ́ rẹ̀ ní ìlà jíjìn. Ẹ yí i padà wò: bí abẹ́ rẹ̀ bá ti dán bí àwo, ẹ fi sílẹ̀ nílé. Sílípáàsì máa ń já ní ọ̀nà àbọ̀, bàtà onígìgísẹ̀ gíga kò sì yẹ ká sọ̀rọ̀ rẹ̀ rárá. Ẹ wọ aṣọ òwú tó ń fa òógùn, ẹ mú fìlà.

Àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wa, ẹgbẹ́ ọjọ́ orí, fẹ́ràn kí wọ́n wọ irú aṣọ kan náà, ó sì máa ń dùn ún wò. Ẹ rán búbá tó dé ìdí péré pẹ̀lú ṣòkòtò tí kò gba ilẹ̀. Agbádá, ìró gígùn àti gèlè, inú àpò ni kí wọ́n gba dé òkè; ẹ lè wọ̀ wọ́n níwájú ààfin fún fọ́tò. Etí ìró tó bá há sábẹ́ gìgísẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ẹni tó wọ̀ ọ́ àti ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló máa gbé lulẹ̀.

Oúnjẹ àti omi ńkọ́?

Lítà méjì omi fún àgbà kọ̀ọ̀kan, lítà kan fún ọmọdé. Ike ni kí ẹ fi gbé e. Píọ̀wọ́tà máa ń bẹ́ nínú báàgì, ọ̀rá rẹ̀ sì ni ìdọ̀tí tó pọ̀ jù lójú ọ̀nà òkè náà. Ẹ mú àpò kan lọ́wọ́ tí ẹ máa fi kó gbogbo ọ̀rá sọ̀ kalẹ̀, títí kan èyí tí ẹ bá nílẹ̀.

Ẹ jẹun ní wákàtí kan ààbọ̀ ṣáájú: búrẹ́dì àti ẹyin, mọ́ínmọ́ín, tàbí ẹ̀kọ àti àkàrà. Gààrí Ìjẹ̀bú ni kí ẹ fi sílẹ̀ di ìgbà tí ẹ bá dé òkè. Bí ẹ bá mu ún tán kí ẹ tó gùn, á wú nínú yín, kíkan rẹ̀ á sì máa ta yín láyà bí ẹ ti ń tẹ̀ síwá-sẹ́yìn lórí àtẹ̀gùn. Lókè, nínú afẹ́fẹ́ yẹn, pẹ̀lú ẹ̀pà àti ṣúgà díẹ̀, kò sí ohun tó dára tó o. Ìkọ́kọrẹ́ kò yẹ fún ìrìn yìí. Oòrùn á ti bà á jẹ́ kí ó tó di ọ̀sán.

Ta ni kò yẹ kó gùn ún?

Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru tí kò sì tíì wálẹ̀, ẹni tí ọkàn ń yọ lẹ́nu, aláboyún tó ti kọjá oṣù mẹ́fà, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún. Ẹni tó ní ikọ́ fée (asthma) lè gùn bí dókítà bá gbà fún un, ṣùgbọ́n oògùn tó ń fà sẹ́nu gbọ́dọ̀ wà nínú àpò ara rẹ̀, kò gbọ́dọ̀ wà nínú ọkọ̀. Ẹni tó ní fòníkú-fọ̀ládìde kó bi dókítà rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Omi tó gbẹ lára àti àárẹ̀ tó pọ̀ lè ru àìsàn náà sókè.

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún méje, ẹ ó gbé e fún ìdajì ọ̀nà. Ẹ pinnu ẹni tó máa gbé e kí ẹ tó kúrò nílé.

Àwọn bàbá àti ìyá tó ti lé ní àádọ́rin ọdún máa ń gùn ún, wọ́n sì máa ń dé òkè. Ẹ má fi ojú ọjọ́ orí nìkan dá ẹnikẹ́ni dúró, ẹ sì má fi ìtìjú ti ẹnikẹ́ni lọ. Ẹni tó bá sọ pé ó tó, ó tó.

Kí la máa rí lókè?

Ààfin àtijọ́ ti Ọwá, ọba Ìdànrè, ni kí ẹ fún ní àkókò jù. Ilé alámọ̀ tó ní àgbàlá ni, òpó igi tí wọ́n gbẹ́ sì dúró nínú rẹ̀. Ẹ súnmọ́ òpó kan, kí ẹ wo ojú ibi tí ọ̀bẹ agbẹ́gilére gbà, kí ẹ tó ya fọ́tò. Kọ́ọ̀tù àtijọ́ tí wọ́n kọ́ ní 1906 kò jìnnà síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni iléèwé tó bẹ̀rẹ̀ ní 1896. Ẹ rántí pé kò sí ọkọ̀ tó lè gun ibẹ̀. Ohun gbogbo tí wọn kò bá rí lókè, orí ènìyàn ló rù ú gòkè.

Omi tí wọ́n ń pè ní Omi Àpáàrá àti àpá ẹsẹ̀ Agbóògùn lára àpáta tún wà, bí amọ̀nà bá gbà láti mú yín débẹ̀. Láti etí àpáta, ẹ ó rí òrùlé Òdòdé nísàlẹ̀ àti igbó kòkó tó yí i ká. Ìdànrè wà lára àwọn ìlú tó ń kórè kòkó jù ní Nàìjíríà.

Ẹranko ibẹ̀ kì í sábà fara hàn lọ́sàn-án. Òfàfà, ẹranko tí kò nírù, wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀lọ́ kékeré kan sì wà tó jẹ́ pé àpáta Ìdànrè yìí nìkan ni wọ́n ti rí i ní gbogbo ayé. Nǹkan bí àádọ́ta ọdún ni àwọn onímọ̀ fi wá a tì, wọ́n tún rí i ní 2013. Orí àpáta tí omi ń ṣàn lé fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ ni àwọn ọmọ rẹ̀ ń dàgbà. Nítorí náà, ẹ má fọ bàtà, ẹ má sì fi ọṣẹ wẹwọ́ nínú omi tó ń sun lára àpáta.

Wọ́n ní ẹsẹ̀ Agbóògùn kì í gba ẹsẹ̀ àjẹ́. Kí la ó ṣe bí ẹsẹ̀ ẹnì kan nínú wa kò bá bá a mu?

Ìtàn ìlú náà sọ pé Agbóògùn, ọdẹ ńlá, ló fi àpá ẹsẹ̀ yìí sílẹ̀ lára àpáta, àti pé gbogbo ẹsẹ̀ ló ń gbà, kékeré tàbí ńlá, àyàfi ti àjẹ́. Ẹ gbọ́ ìtàn náà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ti onílé ni.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń kó ẹgbẹ́ lọ, ẹ ṣọ́ra gidigidi níbẹ̀. Ihò tó wà lára òkúta ní bí ó ṣe rí, ẹsẹ̀ ènìyàn náà ní bí ó ṣe rí. Ẹsẹ̀ ìyá àgbà tó wú lẹ́yìn àtẹ̀gùn 600, tàbí ti ọmọ tí ọ̀rọ̀ ń bọ̀ lórí rẹ̀ nílé tẹ́lẹ̀, kò yẹ kó di ẹ̀rí ohunkóhun. Ẹ má pe ẹnikẹ́ni pé kó wá gbé ẹsẹ̀ sí i. Ẹni tó bá wù ú, kó ṣe é. Ẹni tí kò bá wù, kí ẹ kọjá lọ, kí ẹnikẹ́ni má sì fi fóònù ká a.

Ṣé a lè ya fọ́tò níbi gbogbo, ṣé a sì lè gun òkè Orósùn?

Ilé, àtẹ̀gùn àti ìlú nísàlẹ̀, ẹ yà á. Ojúbọ àti ibojì, ẹ kọ́kọ́ béèrè. Bí wọ́n bá ní rárá, ẹ gbé fóònù sápò. Ẹ má kọ orúkọ sára ògiri ààfin. Èédú tí ẹnì kan fi kọ orúkọ ìyàwó rẹ̀ sára ògiri amọ̀ kò ṣeé fọ̀, bí wọ́n bá sì ha á, ògiri náà ló ń jẹ.

Orósùn jẹ́ òrìṣà lọ́dọ̀ àwọn ará Ìdànrè, kì í ṣe òkè lásán, wọ́n sì ń ṣọdún rẹ̀ lọ́dọọdún. Ẹ má kúrò lójú ọ̀nà alátẹ̀gùn lọ síbẹ̀ láìgba àṣẹ.

Òjò ká wa mọ́ orí òkè ńkọ́?

Ẹ wọ abẹ́ òrùlé ilé àtijọ́ tí amọ̀nà bá tọ́ka sí, kí ẹ dúró. Ẹ má dúró sórí àpáta gbalasa tàbí lábẹ́ igi tó dá dúró bí ààrá bá ń sán. Bí òjò bá dá, ẹ mú sùúrù fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí i kí omi ṣàn tán. Ibi dúdú lára àpáta, tí ewédò hù sí, ló ń yọ̀ jù. Ibi tó funfun tó sì rí bíi yanrìn ni kí ẹ tẹ̀.

A fẹ́ kó ọmọ iléèwé 40 lọ. Báwo la ṣe máa pín wọn?

Ọmọ mẹ́wàá, àgbà méjì: ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Ẹni tó wà níwájú kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ọmọ kankan kọjá òun, ẹni tó wà lẹ́yìn kò gbọ́dọ̀ fi ọmọ kankan sẹ́yìn ara rẹ̀. Ẹ kà wọ́n ní géètì, ní ibi ìsinmi kọ̀ọ̀kan, lókè, àti kí ọkọ̀ tó gbéra. Ọmọ tó rìn díẹ̀díẹ̀ jù ni kí ẹ fi síwájú. Bí ẹ bá fi í sẹ́yìn, nígbà tó bá fi dé ibi ìsinmi, àwọn yòókù ti sinmi tán, wọ́n ti dìde, òun kò ní sinmi rárá títí dé òkè.

Ẹsẹ̀ ẹnì kan rọ́ lókè. Kí la máa ṣe?

Ẹ má bọ́ bàtà rẹ̀. Bàtà náà ló ń di ẹsẹ̀ mú. Bí ẹ bá bọ́ ọ, ẹsẹ̀ á wú, kò ní wọ̀ ọ́ mọ́. Ẹ fi báńdéèjì tàbí gèlè dì í láti orí bàtà dé ọrùn ẹsẹ̀. Ẹ má wọ́ ọ, ẹ má fà á, ẹ má fi òróró gbígbóná pa á.

Bí ó bá lè tẹ ẹsẹ̀ náà mọ́lẹ̀, ẹni méjì á tì í lẹ́yìn lápá méjèèjì, á sì máa sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó dùn ún ṣáájú, èyí tó dá ṣáṣá tẹ̀lé e. Bí kò bá lè tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ rárá, tàbí tí egungun bá yẹ̀ lójú, ẹ má gbé e. Kí amọ̀nà pe àwọn tó wà ní géètì, kí ẹnì kan jókòó tì í, kí ẹ bò ó láṣọ, kí ẹ má sì fún un ní oúnjẹ títí tí ìrànlọ́wọ́ yóò fi dé.